Ṣé gígun máṣíìnì dípò mọ́tò ń dín ìnáwó kù lóòótọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Òṣogbo

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, onímọ́tò tí kò tíì wo ọlọ́kadà lójú títì kó sì bi ara rẹ̀ pé "Kí ló dé tí èmi náà ò kúkú gun máṣíìnì?" kò pọ̀ mọ́ ní Òṣogbo. Lítà epo tí kò tó ₦200 nígbà náà ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn máa ń bi mí jù: òṣìṣẹ́ ìjọba, tíṣà, ìyá ọlọ́jà, tọkọtaya tó ní mọ́tò méjì nínú ọgbà kan. Máṣíìnì tí èèyàn ń gùn fún ara rẹ̀ là ń sọ o, kì í ṣe ti iṣẹ́ ọ̀kadà. Nínú gbogbo ìṣirò, ₦1,000 ni mo fi ṣe iye lítà epo kan kó lè rọrùn. Iye tí ilé epo àdúgbò yín bá ń tà á ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kọ́rọ̀ gùn. Ṣé owó máa ṣẹ́kù àbí kò ní ṣẹ́kù?

Ó máa ṣẹ́kù bí máṣíìnì bá gba ipò mọ́tò. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló wá dúró ti mọ́tò nínú ọgbà, owó epo nìkan ló máa dín, á sì pẹ́ kí owó epo náà tó dá iye tí ẹ fi rà á padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣírò nìyẹn: wọ́n á ka epo, wọn ò ní ka mọ́tò.

Èló gan-an ni mo lè rí nínú epo?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ní Abẹ́rẹ́. Ká ní àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ń yà sí lọ́nà, jẹ́ kìlómítà 20 lójúmọ́, tó sì ń jáde ní ọjọ́ 22 lóṣù. Kìlómítà 440 nìyẹn.

Mọ́tò kékeré bíi Corolla, láàárín ìlú tí èèyàn ti ń tẹ bíréèkì ṣáá, tí éésì tún ń ṣiṣẹ́, máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 10 lórí lítà kan. Skútà, ìyẹn máṣíìnì kékeré bíi Vespa tó ní pẹpẹ ìgbẹ́sẹ̀lé níwájú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ cc 110 tàbí 125, máa ń rin 40, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tò á mu lítà 44 lóṣù, skútà á mu 11. ₦44,000 rèé, ₦11,000 rèé. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ ₦33,000 lóṣù, ₦396,000 lọ́dún.

Owó gidi ni. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ní Òkè-Fìà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ọláìyá, tí gbogbo ìrìn rẹ̀ lójúmọ́ kò ju kìlómítà 5 lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin owó yìí ló máa rí, ₦8,250 lóṣù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bàtà tó dáa ni kó lọ rà.

Wọ́n tún máa ń sọ pé máṣíìnì ń gba èèyàn lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni. Níbí, tí a bá yọ agbègbè Ọjà-Ọba àti Ìgbọ̀nà kúrò, àti ìgbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ tí àlejò máa ń ya wọ̀lú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ra máṣíìnì. Ẹ ṣírò owó, ẹ fi wákàtí sílẹ̀.

Mo fẹ́ ra máṣíìnì, ṣùgbọ́n mi ò ní ta mọ́tò mi. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni màá máa gbé e jáde. Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀?

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká jókòó sí dáadáa.

Ká ní máṣíìnì, akoto, aṣọ òjò àti ìwé rẹ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ fi ₦33,000 pín in. Ó lé ní oṣù 30. Ọdún méjì àbọ̀ lẹ máa fi gùn ún kí ẹ tó padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì tíì ka táyà, ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lẹ ti yá owó náà, èlé ń dúró dè yín.

Mọ́tò tí ẹ gbé kalẹ̀ náà kò ní torí pé ẹ kò gùn ún kó ṣíwọ́ owó jíjẹ. Ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta (èyí tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí mọ́tò yín bá ṣe jàǹbá fún) fún mọ́tò àdáni ti di ₦15,000 lọ́dún láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kò sì mọ̀ bóyá ẹ jáde tàbí ẹ ò jáde. Ìwé ọkọ̀ á kú lọ́jọ́ tó máa kú. Bátìrì tí kò ṣiṣẹ́ á máa rọ díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí tírákà bá wà lára mọ́tò náà tó ń fa iná lóru. Táyà tó dúró lójú kan á tẹ́ sójú kan náà. Eku wá ńkọ́? Mo ti rí mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní Òkè-Fìà, tí eku gé wáyà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó tún fi fóòmù ìjókòó ṣe ibùsùn fáwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni rẹwáyà fi dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Owó epo tí onímọ́tò náà ti fi máṣíìnì pa mọ́ ló fi san án.

Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Mọ́tò tó wà nílẹ̀ wúlò bí àìsàn bá dé lóru tàbí bí ẹ bá fẹ́ gbé ìyá lọ sí ọsibítù. Ẹ kàn má pè é ní ìfowópamọ́ kó tó di ọdún kẹta.

Ta ló wá ń rí owó gidi nínú rẹ̀?

Àkọ́kọ́ ni tọkọtaya tó ní mọ́tò méjì, tí wọ́n ta ọ̀kan. Owó mọ́tò wọlé, díẹ̀ nínú rẹ̀ ra máṣíìnì, ìyókù wà lọ́wọ́. Ìnṣọ́ránsì kan kúrò, táyà mẹ́rin kúrò, mẹkáníìkì mọ́tò kejì kúrò. Ṣe ni ìnáwó ilé náà ń lọ sílẹ̀ lójú èèyàn.

Ẹni tí kò tíì ní mọ́tò rí, tó ń tu owó jọ láti ra tòkunbọ̀, òun ló tún ń jèrè jù. Bó bá ra skútà fún ọdún mẹ́ta ná, owó tókù lè wọ ilẹ̀ tàbí kó wọ ọjà. Ẹlòmíì tún ni ẹni tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Iye tí wọ́n bá pe ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ fún un, pẹ̀lú owó iṣẹ́, kó fi wé iye máṣíìnì kó tó fọwọ́ sí i.

Owó mẹkáníìkì ńkọ́? Ṣé ó kéré ju ti mọ́tò lọ?

Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń wá léraléra. Skútà kì í gbà ju nǹkan bíi lítà ọ́ìlì kan lọ, Corolla ń gba bíi mẹ́rin. Púlọ́ọ̀gì kan ló ní, mọ́tò ní mẹ́rin. Àmọ́ ọ́ìlì skútà kì í pẹ́ kó tó gbó. Kó tó rìn ju kìlómítà 2,000 sí 3,000 lọ ló yẹ kí ẹ ti yí i padà. Ẹni tó ń rin kìlómítà 440 lóṣù á yí i bíi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa yọ fílítà afẹ́fẹ́ wò, torí eruku ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà á dí i, máṣíìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo ju bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta skútà kì í fẹ́ sọ. Skútà kò ní ṣéènì bíi Boxer, máṣíìnì tí àwọn ọlọ́kadà máa ń gùn. Bẹ́líìtì rọ́bà kan ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn, inú ìdérí kan lápá òsì ló wà, ẹ kò lè rí i láìjẹ́ pé wọ́n tú u. Bó bá ti rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 20,000, pípààrọ̀ ló kàn. Kì í pariwo kó tó já. Ẹ ó kàn ṣàkíyèsí pé ẹ́ńjìnnì ń ké, máṣíìnì kò sì sáré tó igbe tó ń ké. Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, á máa gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Lọ́jọ́ kan á já, ẹ ó sì tì í délé.

Ní gbogbo oríta Òṣogbo lẹ ti lè rí ọmọkùnrin tó mọ Boxer, tó lè fa ṣéènì rẹ̀ le kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ tán. Ẹni tó mọ bẹ́líìtì skútà, wíwá là ń wá a. Kí ẹ tó ra skútà kankan, ẹ kọ́kọ́ wá mẹkáníìkì rẹ̀, kí ẹ bi í pé níbo ló ti ń ra bẹ́líìtì irú èyí tí ẹ fẹ́ rà. Bó bá ní Èkó ni wọ́n ti máa fi ránṣẹ́, ẹ ra irú mìíràn, tàbí kí ẹ ra bẹ́líìtì méjì pa mọ́.

Èwo ni kí n rà, skútà àbí Boxer? Ìró ni mo máa ń wọ̀ lọ sọ́jà.

Skútà, láìjanpata. Ẹ kò ní gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá ìjókòó, ẹ ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ sórí pẹpẹ iwájú, ìró yín á sì wà bó ṣe wà. Àpò gaàrí kékeré á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín, ìsàlẹ̀ ìjókòó tún ní àpótí tó gba abọ́ ọbẹ̀ àti ìwé owó. Kò ní jíà tí à ń fi ẹsẹ̀ yàn.

Bí ilé yín bá wà níbi tí ọ̀dà kò tíì dé, bí àwọn àdúgbò tuntun lọ́nà Òfàtẹ̀dó, ẹ tún un rò. Táyà skútà kéré. Kòtò tí Boxer á gùn kọjá, skútà á sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ ni.

Bàbá mi fi Vespa àtijọ́ sílẹ̀ fún mi. Ṣé mi ò lè tún un ṣe?

Ẹ lè tún un ṣe. Ẹ̀wà rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Vespa ìgbà náà, ọ́ìlì ni à ń pò mọ́ epo wọn, bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, èéfín búlúù á sì máa tẹ̀ lé yín láti Alékúwódò dé Ògo-Olúwa. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣòro rí. Ẹ gùn ún nítorí bàbá, ẹ má gùn ún nítorí owó.

Ṣé láísẹ́ǹsì mọ́tò mi kò tó? Ìwé wo ni mo nílò?

Kò tó. A ni ẹ̀ka láísẹ́ǹsì fún máṣíìnì, B ni ti mọ́tò kékeré. Ẹ lọ fi A kún un ní ọ́fíìsì àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Nọ́ńbà máṣíìnì àdáni, búlúù ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Pupa ni ti ọ̀kadà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi pupa bá yín ṣe é torí pé ó yá, torí gbogbo ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kadà ni yóò máa dá yín dúró.

Ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta fún máṣíìnì jẹ́ ₦3,000 lọ́dún, ó sì lè san tó mílíọ̀nù kan fún nǹkan ẹlòmíì tí ẹ bá bàjẹ́. Láti oṣù kejì 2025 ni ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lójú pópó.

Ṣé dandan ni akoto? Ó ń gbóná, ó sì ń ba irun jẹ́.

Dandan ni, fún ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó gbé sẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà á rántí àwọn ọlọ́kadà tó dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ike ọ̀dà ò tíì kúrò nílẹ̀: akoto àwọn tó ń kọ́lé tí ọ̀pọ̀ ń dé báyìí, kò ní fóòmù líle nínú, òmíràn kò ní okùn àgbọ̀n. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi hàn pé akoto gidi ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Ní ti irun, ẹ fi gèlè pẹlẹbẹ tàbí fìlà aláṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Òjò ńkọ́?

Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá lẹ ó máa bá a yí. Ẹ ra aṣọ òjò olókè-àti-sòkòtò, kì í ṣe ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ á fẹ́ sójú yín. Ẹ sì ka ọjọ́ tí ẹ máa fi máṣíìnì sílẹ̀ wọ ọkọ̀ èrò mọ́ ìṣirò yín.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ń gbé lọ sílé ìwé.

Ẹ gbé mọ́tò. Èrò kan ṣoṣo ni òfin gbà lẹ́yìn máṣíìnì. Mo mọ̀ pé ojoojúmọ́ là ń rí bàbá tó to ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn, pẹ̀lú báàgì. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tó dáa. Bí ẹ bá sì ní kí kẹ̀kẹ́ máa gbé wọn, ká ní ₦300 lórí ọmọ kan lálọ, ₦300 lábọ̀: ₦1,800 lójúmọ́, ₦39,600 lóṣù. Ó ti ju ₦33,000 tí máṣíìnì fi pa mọ́ lọ.

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ jàǹbá. Ṣé òun kọ́ ló máa gba gbogbo owó náà padà?

Ó lè gbà á. Mọ́tò ní irin tó yí èèyàn ká. Lórí máṣíìnì, èèyàn gan-an ni bọ́ńpà. Ẹsẹ̀ tó kán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú yíyà fọ́tò eegun, irin tí wọ́n máa fi sí i, àti ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ní lè ṣiṣẹ́, lè gbé ìfowópamọ́ ọdún kan lọ. Fún oníṣòwò, ọ̀sẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì ló máa ń wọ́n ju owó ọsibítù lọ, torí owó oṣù kò sí tó máa wọlé nígbà tó dùbúlẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n yọ ₦5,000 sẹ́yìn lóṣooṣù nínú ₦33,000 yẹn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì wọ ètò ìnṣọ́ránsì ìlera. Ẹ má gùn ún lóru bí ẹ bá lè yẹra fún un. Iyanrìn tí òjò wọ́ sójú títì ń mú táyà skútà yọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Skútà oníná tí wọ́n ń sọ káàkiri ńkọ́?

Tó bá jẹ́ owó ìrìn lásán, kò sí èyí tó dín tó o. Kìlómítà 20 kì í sábà gbà tó yúníìtì iná kan. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A (àwọn tó yẹ kó máa ríná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́) sókè ní oṣù kẹrin 2024, ₦225 ni wọ́n pe yúníìtì kan. Ẹ fi wé ₦500 epo skútà àti ₦2,000 epo mọ́tò lójúmọ́ kan náà.

Bátìrì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òun ló wọ́n jù lára rẹ̀, ó sì lọ́jọ́ tó máa kú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá lítíọ́ọ̀mù ni, irú bátìrì tó máa ń pẹ́, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ta bátìrì náà lásán. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ máa fi ṣáàjì rẹ̀ torí àdúgbò yín kì í ríná, ẹ ti padà sílé epo nìyẹn.

Mi ò ní mọ́tò. Kòrópe àti ọ̀kadà ni mò ń wọ̀. Ṣé skútà á dín owó mi kù?

Ìdáhùn yìí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ká ní ₦1,200 lẹ ń ná lójúmọ́ lálọ àti àbọ̀: ₦26,400 lóṣù. Skútà á mu epo ₦11,000. Ẹ fi ₦6,000 sílẹ̀ fún ọ́ìlì, táyà àti mẹkáníìkì. Bí máṣíìnì tí ẹ rà ní mílíọ̀nù kan bá di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ₦10,400 ló ń bọ́ lára rẹ̀ lóṣooṣù. Lápapọ̀, ₦27,400.

Ọgba ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Òmìnira lẹ ń rà nígbà náà: ẹ ò ní dúró de kí kòrópe kún, ẹ lè yà síbi tó bá wù yín. Ó tọ́ kí èèyàn fi owó rẹ̀ ra ìyẹn, bó bá ṣáà ti mọ ohun tó ń rà. Bí owó ọkọ̀ yín bá tó ₦2,000 lójúmọ́, ìṣirò ti yí padà, ẹ rà á.

Mo máa ń lọ Iléṣà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo sì ń lọ Ìbàdàn.

Ẹ má fi skútà lọ. Títì márosẹ̀, tírélà àti atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò yẹ máṣíìnì kékeré. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò.

Ṣé wọn ò ní sọ pé nǹkan ti dojú rú fún mi?

Wọ́n á sọ. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ṣé kò sí o, lẹ́yìn náà wọ́n á bi yín pé èló lẹ rà á, torí àwọn náà ń ṣírò. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni òwàḿbẹ̀ ọjọ́ Sátidé. Agbádá àti táyà ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀rẹ́: aṣọ tó ń fẹ́ lè wọ inú rẹ̀ kó fa èèyàn ṣubú. Gèlè òde àti akoto kò sì lè jọ wà lórí kan náà. Ẹ háyà mọ́tò lọ́jọ́ òde. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù kò lè tó iye tí mọ́tò tó wà nílẹ̀ ń jẹ.

Tòkunbọ̀ tàbí èyí tí wọ́n ti lò níbí ni mo fẹ́ rà. Kí ni kí n wò?

Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní tútù, torí èyí tí wọ́n ti tan kalẹ̀ kí ẹ tó dé lè máa fi nǹkan pa mọ́. Èéfín búlúù tí kò lọ lára ẹ́ńjìnnì tí kì í po ọ́ìlì mọ́ epo, owó ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ pa á, kí ẹ tì í síwá sẹ́yìn: ó yẹ kí táyà yí láìha. Ẹ di bíréèkì mú, kí ẹ mi ọwọ́ rẹ̀ wò bóyá ó ti dẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ara férémù àti ti ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé, nọ́ńbà sí nọ́ńbà, torí máṣíìnì jíjí pọ̀ lọ́jà. Ẹ ra ṣéènì àti àgádágodo lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹni tó ń tà á bá sì ní ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kó lọ mú un wá kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín.